Ìdí Tí Mi Ò Fi Ní Fi Dísíkẹ́ẹ̀tì Ìyá Àgbà Ránṣẹ́ sí Ọ

Ilé Alárán,
Ọ̀rányàn,
Ìbàdàn.

Àníkẹ́ ọmọ mi,

Awakọ̀ tí o fi lẹ́tà rán ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó bá mi ní ìsọ̀ ìtẹ̀wé mi ní Bẹẹrẹ, ó jíṣẹ́, ó mu omi kó tó padà sí gáréèjì. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le, mo dúpẹ́ pé o ti rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé kọ̀ǹpútà rẹ ti wà níbẹ̀, pé oníkẹ́mísì àti onílé-ẹ̀kọ́ àdúgbò ti ń gbé iṣẹ́ wá. O ní àwọn kan tilẹ̀ ti ń bẹ̀ ọ́ pé kí o máa bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ tiwọn náà. Kí Ọlọ́run Ọba fi àlùbáríkà sí i. Kí ọwọ́ rẹ má dilẹ̀.

Ibi tí o parí lẹ́tà náà sí ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí mo ti kà á. O ní kí n fi dísíkẹ́ẹ̀tì tí mo kó orin wákà Ìyá Àgbà sí rán awakọ̀ náà bó bá ń padà bọ̀. O ní ẹ̀rọ tuntun lo ní, o máa ṣí i, o máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a ó sì tún máa gbọ́ orin Ìyá Àgbà nínú ilé. Ọmọ mi, mi ò ní fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́. Ó dun èmi náà. Ìlọrin lo wà, níbi tí o ti ń kàwé, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ lo gbọ́. Jókòó, kí o ka gbogbo rẹ̀ báyìí, torí inú rẹ̀ náà ni ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ wà. Mi ò ní òmíràn.

O rántí bí Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, ṣe rí nígbà ayé rẹ̀. Bí alálàájì bá ń ti Mẹ́kà bọ̀, láti Ọjà'ba títí dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun ni wọ́n ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ò dé Mẹ́kà rí. Kò mọ̀wé kọ, orí ló kó gbogbo orin náà sí, ohùn rẹ̀ sì ti ń lọ. Ìgbà tí mo ti táípùráítà tì tí mo ra kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì mí ní ìsọ̀, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, á máa wo ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ọjọ́ kan ló ní, "Síkírà, ṣé àpótí rẹ yìí lè gba orin?" Mo ní, "Ó lè gbà á, Ìyá." Ó ní, "Ó dáa. Bá mi kó o sí i, kó má bá mi lọ."

Ó ń kọ ọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù ni. Bí oníbàárà bá wọlé, á dákẹ́; bí wọ́n bá jáde, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé gẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí a parí, ó nawọ́ gbọọrọ, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti wọ inú àpótí. Mo ti sọ ẹrù kalẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo fún un lówó súyà.

Jẹ́ kí n wá ka àwọn àṣìṣe wa fún ọ bí mo ṣe ń rántí wọn.

Èkíní, ọ̀rọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí èèyàn ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gbà á wọlé. Ẹnjiníà, ọmọkùnrin Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ń bá mi tọ́jú kọ̀ǹpútà, ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíì ò ní mọ̀. Kí lo rò pé mo mú? Oríkì rẹ. Mo tẹ Àníkẹ́, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo gbàgbé pé láràárọ̀ tí o bá wà nílé, tí o kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, oríkì yẹn ló fi ń dá ọ lóhùn ní àárín agbo-ilé, pẹ̀lú ohùn tó ń dé Màpó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ké láràárọ̀ ni mo fi ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ilé ń ṣí ẹ̀rọ mi bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n ka káàdì ìgbéyàwó ọmọ kan lójú ẹ̀rọ, gbogbo Ọ̀rányàn sì mọ orúkọ ọkọ ìyàwó kí bàbá ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ lọ́jọ́ náà, orúnkún mi ló mọ̀ ọ́n.

Má rẹ́rìn-ín, torí bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ náà á fẹ́ fi oríkì àkọ́bí wọn ṣe é, nítorí ohun tó dùn lẹ́nu ìyá ni. Má gbà fún wọn. Sọ fún wọn pé ohun tí aládùúgbò lè gbọ́ láti ojú fèrèsé kì í ṣe àṣírí. Kí wọ́n da ọ̀rọ̀ tí kò bára tan pọ̀ mọ́ nọ́ńbà, kí wọ́n má sì kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀rọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Èyí kéré o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àlejò. O mọ Akọ́wé, àbúrò bàbá rẹ. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe fídáù fún bàbá kan tó kú nínú agbo-ilé, Akọ́wé sì ti tẹ ìwé ìpè rẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn. Ó gbé e wá lórí dísíkẹ́ẹ̀tì pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnjiníà ti kìlọ̀ fún mi nípa fáírọ́ọ̀sì, àrùn tó ń gbé inú dísíkẹ́ẹ̀tì, tó ń ti ara ẹ̀rọ kan bọ́ sára òmíràn. Ó ti fi ètò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sínú ẹ̀rọ mi. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní àrùn kan ń bẹ tó ń gbé inú rẹ̀."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Àrùn kẹ̀? Ìyàwó, ṣé èmi ni mo gbé àrùn wọ ilé bàbá mi?"

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ yíjú sí wa. Àníkẹ́, o mọ agbo-ilé wa. Èèyàn ò lè gbóòórùn oúnjẹ tí ọkọ ilé bá gbé wá kó tó jẹ ẹ́. Bó ṣe rí lójú wọn nìyẹn. Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, kò dé ibẹ̀," mo sì ti dísíkẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹnu ẹ̀rọ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé fídáù ń jáde lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Ìgbà tí iná dé, ẹ̀rọ tan fúnra rẹ̀, dísíkẹ́ẹ̀tì Akọ́wé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ gan-an lohun tó burú fi ń wọlé, pé ẹ̀rọ tó bá jí pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì alárùn lẹ́nu, àrùn ni yóò kọ́kọ́ gbé mì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo tan ẹ̀rọ, ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú ara òun. Kò rí káàdì, kò rí ìwé oníléèwé, kò rí orin Ìyá Àgbà. Mo pa á, mo tún un tàn, mo tún pa á. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tèmi jó, eérú ló kù.

Akọ́wé ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Orin ìyá tó bí i ló parẹ́. Bí mo bá rí i títí dòní, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Nítorí náà, ọmọ mi, kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ pé dísíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ènìyàn ni a ń yẹ̀ wò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni wọlé. Bó bá ti wà lára ògiri ṣáájú, kò ní jọ pé ẹnì kan lo fura sí. Ọkọ rẹ, àna rẹ, lèmọ́mù, pásítọ̀, yẹ tiwọn wò. Bí èmi ìyá rẹ bá wá kí ọ tí mo mú ọ̀kan dání, yẹ tèmi wò lójú mi, kí n rí i. Kí o tó tan ẹ̀rọ, kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀, pàápàá bí iná bá lọ tó dé. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi ni mo gbà fún un, torí ìtìjú.

O máa bi mí pé ṣé mi ò ní ẹ̀dà ni. Mo ní. Òun ni ìkẹta, òun ló sì dùn mí jù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí n tó lọ kírun ni mo máa ń da iṣẹ́ inú ẹ̀rọ kọ sí dísíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n dísíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Èyí tuntun ni mo ń dà lé ti àtijọ́ lórí. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí àrùn náà fi dákẹ́ sínú ẹ̀rọ, èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi gbé e sínú ẹ̀dà lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo jẹ́ aláápọn obìnrin.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní dísíkẹ́ẹ̀tì bíi mélòó kan tí o ó máa pààrọ̀, kí ọ̀kan máa sùn ní ilé mìíràn, kí o sì máa tẹ ohun tó bá ṣe pàtàkì sórí ìwé. Ìwé ò ní fáírọ́ọ̀sì. Ìdí tí mi ò fi tẹ orin náà sórí ìwé, ṣé o mọ̀ ọ́n? Mo fẹ́ kó lẹ́wà. Mo ń wá bébà aláwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fi ṣe èèpo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ní Ògùnpa lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní kò burú, n ó padà lọ.

Mo gbé ẹ̀dà náà lọ bá Ìyá Ṣadé. O mọ̀ ọ́n, aládùúrà tó ń tẹ ìwé fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀bá Màpó, ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí a jọ kọ́ṣẹ́ títẹ̀wé. Ó fi inú dídùn gbà mí, ó ní, "Ìyá Àníkẹ́, má sunkún mọ́, Olúwa á ṣe é." A ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ tirẹ̀. Ohun tó jáde, kì í ṣe orin. Ìlà dídábùú, òbìrí, àti àwọn àmì tí mi ò rí rí ló kún ojú ẹ̀rọ bí ẹni da ìlẹ̀kẹ̀ já. Ètò ìkọ̀wé tó wà nínú ẹ̀rọ mi, Ẹnjiníà ló tún un ṣe kó lè gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà wa. Ètò tó wà nínú ti Ìyá Ṣadé ò gbọ́ èdè tirẹ̀ rárá.

A ní bóyá ẹ̀rọ ló ń ṣe òmùgọ̀. A pa á, a tún un tàn. Dísíkẹ́ẹ̀tì wà lẹ́nu rẹ̀, Àníkẹ́. Ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni ẹ̀rọ Ìyá Ṣadé kú. Gbogbo ìwé ìkórè wà nínú rẹ̀. Ètò tó ń yẹ àrùn wò wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ náà o, ṣùgbọ́n àrùn àná ló mọ̀, kò mọ tòní. Ìyá Ṣadé ò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà náà, òdìkejì títì ló ti ń kí mi.

Ìkẹrin, Ẹnjiníà. Mo sáré lọ sí Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kó wá bá mi fi ètò àtijọ́ sínú ẹ̀rọ mìíràn. Wọ́n ní ó ti kó lọ sí Èkó. Inú báàgì rẹ̀ ni gbogbo dísíkẹ́ẹ̀tì ètò náà wà, bó ṣe máa ń wà tẹ́lẹ̀, torí bó bá fi wọ́n sílẹ̀, mi ò ní nílò rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ fún mi ní àga. Mo mọ orúkọ ìyá rẹ̀, mo mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, mi ò mọ orúkọ ètò tó fi sínú ẹ̀rọ mi.

Ìwọ ni Ẹnjiníà àwọn ẹlòmíì báyìí. Má ṣe mú kọ́kọ́rọ́ ilé onílé rìn. Gbogbo ètò tí o bá fi sínú ẹ̀rọ oníkẹ́mísì, fi dísíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ fún un, kọ orúkọ ètò náà sí i lára, kọ irú ẹ̀rọ tó bá a mu. Bí o bá ṣe ẹ̀dà, má ṣe sọ pé o ní ẹ̀dà títí o ó fi ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn tí o sì kà á. Ohun tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè kà, ẹni tó ni ín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù rẹ̀. Bóyá wọ́n á gbọ́ tìrẹ. Èmi ò rí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Ó wá ku Ìyá Àgbà. Mo lọ bá a ní yàrá, mo sọ fún un. Kò bínú. Ó ní, "Kò burú, a ó tún un kó." Ó palẹ̀ ọ̀fun mọ́. Ó kọ ìlà kan, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró níbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Síkírà, mo rò pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ." Lọ́jọ́ tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ yẹn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lóòótọ́. Orin tó gbé lórí láti ìgbà èwe, kò há a mọ́, torí ó gbà pé àpótí mi há a. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ètè rẹ̀ ń mì, tí kò sí ohùn. Bó ṣe wà nìyẹn títí Ọlọ́run fi pè é. Ọjọ́ tí a sin ín, àwọn olórin wákà wá, wọ́n kọ orin ẹlòmíì.

Bàbá rẹ tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀rọ tó kú, mo tà á fún oníṣòwò irin. Táípùráítà ni mo tún padà sí, bí o ṣe mọ̀, ojú mi ò sì ríran bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí mo bá sọ fún ọ pé mo ṣì ní ìrètí, irọ́ ni mo pa.

Dísíkẹ́ẹ̀tì náà wà níbí, nínú àpótí aṣọ mi, láàárín ìborùn Ìyá Àgbà. Ebu ti ń wọ̀ ọ́. Mo ti fi sínú àpòòwé lẹ́tà yìí, mo tún yọ ọ́. Orin Ìyá Àgbà wà nínú rẹ̀, ohun tó pa á náà wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí ìkejì jókòó sílé. O ní ètò tìrẹ á pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìyá Ṣadé náà rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ilé ẹlòmíì wà nínú ẹ̀rọ rẹ báyìí, orúkọ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílùú onílùú. Àrùn inú rẹ̀ ti pa ẹ̀rọ méjì lọ́wọ́ mi, mi ò ní jẹ́ kó pa tọmọ mi. Bí ọjọ́ kan bá dé tí o ní ẹ̀rọ àlòkù tí kò sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, tí kò ní dùn ọ́ bó bá kú, wá fúnra rẹ wá mú un. Bí o kò bá bá mi, o mọ ibi tí àpótí náà wà. Ṣùgbọ́n má fọkàn sí i.

Ohun tí mo lè fi ránṣẹ́ ni èyí tó kù lórí mi. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́. Dà á kọ, há a sórí, kọ́ àwọn ọmọ rẹ bí o bá bí wọn, kó má ṣe jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló wà:

Ẹ bá mi kí Mẹ́kà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀,
Èmi tí mi ò débẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń yún mi.
Bí mo bá kú sọ́nà, ẹ bá mi gbé orin mi lọ,
Ẹ gbé e kọjá odò, ẹ gbé e kọjá òkè,
Bẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ sọ fún wọn pé

Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn.

Ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Síkírà.